Ìlà Ẹfun àti Omi Orí Iná

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gé ọ létí? Ara tèmi le. Ilé wà níbi tó wà. Mo sọ èyí nítorí pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ṣì wà níbi tó wà.

Wàá ti gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti pín agbègbè wa sí méjì. Àwa ni Apá Òkè báyìí, àwọn tó wà lódìkejì títì sì di Apá Ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni gbogbo rẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í bá ìjọba jiyàn.

Àwọn Ìgbìmọ̀ Ìpín wá bá mi ní ogúnjọ́ oṣù yìí. Wọ́n ní ààlà ti wà nínú ìwé, ó ku kó wà nílẹ̀, èmi nìkan ni mo sì ní kẹ̀kẹ́ ẹfun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ yẹn fa ìlà pápá bọ́ọ̀lù. Ta ni wọn ì bá tún pè? Inú mi dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, mo gba àárín títì wa kọjá, ìlà náà gún bí ọ̀pá. Ìgbà tí mo wọ inú pápá tí mo dé àárín, ọwọ́ mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Kí n tó mọ̀, mo ti ya òbìrìkìtì. Ẹni tó ti fa ìlà gba àárín pápá fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sí bó ṣe máa kọjá níbẹ̀ tí kò ní ya òbìrìkìtì.

Alága ìgbìmọ̀ wò ó títí. Ó ní, “Afàlà, kí ni ti róbótó yìí?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti di òfin báyìí.

Nǹkan kékeré kan ló kù. Ìyá rẹ wà nílé àbúrò rẹ̀ lódìkejì títì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó lọ dá àkàbà padà. O mọ̀ pé láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọ̀hún kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Ó ti di ilẹ̀ òkèèrè. Mo ń rí i lórí ìjókòó níwájú ilé láràárọ̀. Ó ní kí n kí ọ. Mo rò pé ohun tó ń fi ọwọ́ ṣe nìyẹn.

Jọ̀ọ́, bá mi wá ẹfun tí omi kì í fọ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ni mo wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tutù débi pé mi ò lè pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìjọba.

Ẹ kọ odindi ojú ìwé kan nípa òbìrìkìtì, ẹ wá pe ìyá mi ní nǹkan kékeré kan. Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ẹfun ti ìyá mi mọ́ta? Mo ka ibẹ̀ fún obìnrin tí a jọ ń ká aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. Ó ní níbi tí òun ti wá, wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ sí kóòtù ná.

Lẹ́tà ìyá mi dé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tiyín. Wọ́n ní kò sí ìfìwéránṣẹ́ láàárín apá méjèèjì, fóònù náà kò lọ nítorí pé òpó wà lápá tiyín, ẹ̀rọ sì wà lápá tiwọn. Èmi ni kí n máa bá wọn jíṣẹ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó rin ogójì ìṣísẹ̀ ló wá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù bà mí kí n tó ṣí i. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kọ̀ yín ni. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

“Bi bàbá rẹ bóyá ó ti gbé omi mi kúrò lórí iná.”

Kò sí nǹkan mìíràn. Mo yí ẹ̀yìn ìwé wò, funfun ni.

Ẹ jọ̀ọ́, omi wo ni?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ̀gún wà nínú rẹ̀, àmọ́ mo fi ara dà á, bàbá ni mí.

Nípa omi: kí ìyá rẹ tó jáde, ó gbé ìkòkò omi ka iná, ó ní kí n máa bá òun wò ó, òun ń bọ̀ kíákíá. Sọ fún un pé omi náà wà ní ipò tó yẹ kí omi wà. Kó fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlú ló gba gbogbo àkókò mi. Apá Òkè ní àwọn ló ni òbìrìkìtì, Apá Ìsàlẹ̀ ní irọ́ ni. Wọ́n wá ní kí àwọn ará ibẹ̀ dìbò, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ibi tí wọ́n ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, koríko ni. Ẹni irinwó ló dìbò. Èsì jẹ́ igba sí igba. Àwọn alátakò gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní màgòmágó ni, nítorí pé koríko ibẹ̀ ò tẹ̀. Adájọ́ ní olùdìbò tó bá jẹ́ ọmọlúàbí kì í tẹ koríko mọ́lẹ̀. Ó tún fi kún un pé ohunkóhun tí Afàlà bá ti fi ẹfun yà, ààlà ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Òbìrìkìtì ti wá ní aṣojú méjì báyìí. Wọ́n ń jókòó sórí àga láàárín pápá, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Wọ́n ti pín ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa náà. Àwa gba gólì àti àwọn tó ń dènà, àwọn gba àwọn tó ń gbá a sílé. Àwọn akọ̀wé ìjọba ló dí àlàfo tó kù lápá méjèèjì. Wọ́n gbá ìdíje ìṣọ̀rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Kò sẹ́ni tó ní ìwé ìrìnnà tó lè fi kọjá ìlà àárín, nítorí náà bọ́ọ̀lù nìkan ló kọjá, ní ìṣẹ́jú kọkànlá. Kọ́sítọ́ọ̀mù mú un. Láti ìgbà yẹn títí rẹfirí fi fọn fèrè ìparí, èèyàn méjìlélógún dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Rédíò tiwa ní a borí. Rédíò tiwọn náà ní wọ́n borí. Ayọ̀ pọ̀ nígboro lọ́jọ́ náà.

Ẹfun tí mo ní kó o wá ńkọ́?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu ìdìbò. Mo gba ìsinmi ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, mo lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Apá Òkè níbí nítorí ìyá mi. Ọ́fíìsì aṣojú Apá Ìsàlẹ̀ wà nínú yàrá kan náà, lórí tábìlì kan náà. Akọ̀wé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ní fìlà méjì.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi fẹ́ sọdá títì.”

Ó dé fìlà pupa. “Ìyá yín jáde nílẹ̀ wa láìgba ìwé. Kí ló fà á?”

“Wọ́n lọ dá àkàbà padà ni.”

“Nígbà tí wọ́n jáde, ṣé ààlà ti wà níbẹ̀?”

“Kò tíì sí níbẹ̀, sà.”

“Ẹ ò rí i? Wọ́n sáré jáde kí ààlà tó dé. Ẹni tó bá sáré bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan kan.”

Ó ṣí fìlà pupa, ó dé búlúù. Ojú rẹ̀ tutù. “Ẹ kú ìdúró, àbúrò mi. Ẹ má bínú sí ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò mọ èèyàn-án pọ́n lé. Ní tiwa, à bá dá ìyá yín padà lónìí, àmọ́ kò sí nínú ìwé wa pé wọ́n wọlé. A ò lè lé ẹni tí kò sí níbẹ̀ jáde.”

Mo bi í pé kí ni ṣíṣe. Ó ní kí ìyá mi kọ́kọ́ wá síbí, kí wọ́n ṣẹ̀ sí òfin ibí, kí ìjọba ibí lé wọn padà sí Apá Òkè. Bàbá, ìyá mi kì í rékọjá níbi tí wọ́n bá kọ “má rékọjá” sí. Òfin wo ni wọ́n fẹ́ ṣẹ̀?

Ṣùgbọ́n ohun tó lé oorun lójú mi nìyí. Ó ní bí ọdún kan bá pé tí wọ́n fa ìlà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbi tó wà lọ́jọ́ náà ti di ọmọ ibẹ̀ títí ayé. Ogúnjọ́ oṣù kẹta. Bí ìyá mi bá ṣì wà lọ́hùn-ún lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní ìyàwó nílé mọ́, ẹ ní aládùúgbò ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ìyá mi tún kọ̀wé. Wọ́n ní “ipò tó yẹ kí omi wà” kì í ṣe ìdáhùn. Ṣé ẹ gbé e kúrò, àbí ẹ ò gbé e kúrò?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ogúnjọ́ oṣù kẹta. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi. Bí mo bá sì se é, kò ṣeé jẹ náà ni.

Òjò ti ń rọ̀ gan-an. Ìjọba méjèèjì ò fẹ́ kí ìlà mi fọ̀, nítorí náà wọ́n kó sójà wá, láti etí odò títí dé òpin pápá, kálukú di agbòòrùn mú sórí ìlà. Àwọn fúnra wọn ń tutù.

Àwọn Ìgbìmọ̀ Ìpín ti dé orí àṣà. Wọ́n ní òwe jẹ́ ogún àjọní, kò yẹ kó wà lọ́wọ́ apá kan. Àwa gba ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo òwe, Apá Ìsàlẹ̀ gba ìparí. Ẹni tó bá sọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ ti jí ẹrù ìjọba. Èmi náà kọ́kọ́ rò pé kò le. Ilé ọba tó jó…

Ṣé o rí i? Ibẹ̀ ni mo máa ń dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ kan àti ẹni tó ń tún táyà ṣe ń jà níwájú ilé wa. Alága àdúgbò jáde sí wọn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, adìẹ bà lókùn…” Ó bá dákẹ́. Àwọn méjèèjì fi ara wọn sílẹ̀, wọ́n ń retí. Wọ́n dúró dọ̀sán. Nígbà tó yá, kálukú lọ.

Wọ́n gbà kí èmi àti ìyá rẹ sọ̀rọ̀ níbi ìlà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ìjọba méjì ni wá. Mo ní, “Ìyá wọn, ṣé àlàáfíà ni?” Ògbufọ̀ kọjú sí i, ó ní, “Ìyá wọn, ṣé àlàáfíà ni?” Ìyá rẹ wo ògbufọ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Sọ fún un pé mi ò gbọ́.” Ògbufọ̀ yíjú sí mi, ó ní, “Ó ní òun ò gbọ́.” Ìyá rẹ ní, “Bi í léèrè omi mi.” Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú mẹ́ta pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Jọ̀ọ́, ra ìkòkò kan fún mi. Kó tóbi bíi ti ìyá rẹ, kí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wọ́ díẹ̀. Má bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ìkòkò ṣe. Mo ti mọ̀. Mo wá ìkòkò ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ gún. Wọn kì í ta èyí tó ti wọ́ níbí. Mo ra ẹfun tí omi kì í fọ̀, ó wà lọ́nà.

Lẹ́tà ìyá mi kò yé mi mọ́. Wọ́n fi “ẹwà ló bù sí i” bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá fi “ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ” parí rẹ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín lórí tábìlì tí a ti ń ká aṣọ, ibẹ̀ ni òwe méjèèjì ti di odindi. Mo jókòó tì í, mo sunkún díẹ̀. Ọ̀gá mi ní bí mo bá fẹ́ sunkún, kí n lọ síbi aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀.

Ṣùgbọ́n láàárín òwe, wọ́n kọ ohun kan tí kì í ṣe òwe. Mo dà á kọ:

“Èmi mọ̀ pé òun kọ́ ló pín ìlú. Ohun tó dùn mí ni pé mo jókòó síwájú ilé àbúrò mi, mo ń wò ó bó ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀. Mo juwọ́ sí i. Ó fa ìlà kọjá níwájú mi, kò wojú mi. Ìlà náà gún dáadáa.”

Bàbá, ṣé ẹ rí wọn, àbí ẹ ò rí wọn? Ẹ má sọ fún mi pé ojú yín wà ní ipò tó yẹ kí ojú wà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní

Ọmọ mi,

Ọdún á yabo fún wa. Lẹ́tà rẹ dé pẹ̀lú ihò méjì. Àwọn tó ń ka lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́ ti fi sísọ́ọ̀sì gé ìparí òwe kúrò. Ojú ihò kan ni mo ti ń wo ojú ọ̀nà bí mo ṣe ń ronú ohun tí màá kọ.

Mi ò rí i. Òtítọ́ nìyẹn, kì í ṣe àwáwí. Ẹni tó bá ń fa ìlà kì í gbójú sókè. Bó bá gbójú sókè pẹ́nrẹ́n, kẹ̀kẹ́ á yà, ìlà á wọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èèyàn ń pè mí láti ẹ̀gbẹ́ pápá, mi ò dáhùn. Bàbá tó bí mi wá kí mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fa ìlà yí i ká. Mo máa ń fi yangàn pé kò sí ìlà mi kan tó wọ́ rí. Mi ò mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ẹnìkan á fi gígún rẹ̀ bú mi.

Fi èyí ránṣẹ́ sí i bó ṣe wà. Ohun tó kù yìí, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún: mi ò gbé omi kúrò. Mo gbọ́ pé ìjọba ń pè mí, mo ki orí bọ fìlà, mo jáde. Ìgbà tí mo padà dé, omi ti lọ, ìdí ìkòkò ti lu, ògiri ilé ìdáná ti dúdú títí dé àjà. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Ó ku àádọ́rin ọjọ́. Mò ń kà á.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín kíákíá, ọkọ̀ lẹ́tà ti fẹ́ lọ. Mo ti fi ojú ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ìyá mi, mo fi èkejì pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo padà lọ bá onífìlà méjì. Fìlà pupa ní ó kù díẹ̀, fìlà búlúù ní ó kù díẹ̀. Mo ní kó ṣí fìlà méjèèjì kó bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ó ṣí wọn, ó fọwọ́ nu orí, ó ní, “Arábìnrin mi, ilé ìyá tèmi náà wà ní títì yẹn.” Ó bá sáré dé ọ̀kan, mi ò tiẹ̀ wo èwo.

Bàbá, ẹ wá nǹkan ṣe. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ni mò ń ká látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹnì kan ò lè ká a dáadáa. Ẹnì kan á di etí kan mú, ẹnì kejì á di èkejì, wọ́n á rìn pàdé ara wọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń rìn lọ bá obìnrin yẹn, ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń rántí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Dìde dúró kó o tó ka èyí, tàbí kó o jókòó, èyí tó bá wù ọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, Ìgbìmọ̀ Ìpín dé orí agbòòrùn. Apá Òkè gba aṣọ rẹ̀, Apá Ìsàlẹ̀ gba igi rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, òjò àkọ́rọ̀ dé. Àwọn sójà tiwa fi aṣọ agbòòrùn borí, tiwọn na igi sókè, òjò sì fọ ìlà mi mọ́ títí, bí ẹni pé a ò tíì ṣe é rí.

Wọ́n sáré wá pè mí láàárọ̀ àná. Alága ní kí n tún un fà kíákíá, nítorí pé ọ̀la ni ọdún pé. Mo ti kẹ̀kẹ́ jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, mo wọ títì wa, ìlà gún bí ọ̀pá. Ìgbà tí mo dé iwájú ilé àbúrò ìyá rẹ, ọwọ́ mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbà á láyè. Mo yà sọ́tùn-ún, mo lọ síwájú, mo gba ẹ̀yìn ilé náà, mo fà á padà wá sójú títì. Àpótí pẹ́náítì bíi ti pápá bọ́ọ̀lù ni, igun mẹ́rin, ilé àbúrò ìyá rẹ wà nínú rẹ̀, ìyá rẹ wà lórí ìjókòó.

Alága wò ó títí. “Afàlà, kí ni ti àpótí yìí?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.”

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Akọ̀wé rẹ̀ fi ẹnu sí i létí: bí a bá ní àpótí kì í ṣe ààlà, òbìrìkìtì náà kì í ṣe ààlà nìyẹn, aṣojú méjèèjì á pàdánù àga wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé náà ni ààlà gbà báyìí, bí ìyá rẹ ṣe wọ Apá Òkè láìdìde lórí àga nìyẹn. Inú ń bí àbúrò rẹ̀, ó ní òun ò bẹ ẹnikẹ́ni láti yí ìlú padà fún òun kí òun tó wẹ̀ láàárọ̀.

Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mi. Mo gbójú sókè. Bó o bá wálé, wàá rí ibi tí ìlà náà ti wọ́, ibẹ̀ ni. Mo sọ ìwọ̀nba tí òfin gbà mí láyè. Mo ní, “Òjò ló pa ẹyẹlé…”

 Ó wo ìlà, ó wò mí, ó tún wo ìlà.  Àwọn sójà pàápàá ti ń na ọrùn.

Ó ní, “…pọ̀ mọ́ adìẹ. Omi mi ńkọ́?”

Mo jẹ́wọ́ níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, òun rí èéfín láti ọ̀hún. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ iye ọ̀nà tí ọkùnrin lè gbà sọ pé òun ò gbé omi sọ̀kalẹ̀.

Ó ń di ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun á sọdá láìpẹ́. Ẹfun tó o fi ránṣẹ́, èyí tí omi kì í fọ̀, ti dé. Mo ti fi kun ògiri ilé ìdáná. Mi ò ní fi fa ìlà láéláé.

Mo ti yá ìkòkò àbúrò ìyá rẹ, mo ti gbé omi mìíràn ka iná. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò gbójú kúrò lára rẹ̀, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ mi ṣe wọ́ wọ́ báyìí. Ìjọba tún ti rán èèyàn wá pè mí, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kan ilẹ̀kùn.

Mo ní kó dúró. Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó.

Bàbá rẹ.